Kí ni "discombobulate" gan-an, kí sì ni ká pè é ní Yorùbá?

Àtùpà Òru

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló dá mi dúró láti àárọ̀. Mò ń ṣe ìtumọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ eré, mo sì ti ṣe é dé ibi tí obìnrin kan ti jáde nínú ìpàdé tó gùn, tó jókòó, tó ní: "I am completely discombobulated." Obìnrin yìí kò sunkún, inú kò sì bí i. Ìwé kún ọwọ́ rẹ̀, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ wò. Dígí ojú rẹ̀ wà lórí irun rẹ̀, síbẹ̀ ó ń tú àpò wá a.

Mo kọ́kọ́ kọ "ọkàn mi dàrú", mo pa á rẹ́. Mo kọ "ìdààmú bá mi", mo tún pa ìyẹn náà rẹ́, torí ó dún bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. "Ó yà mí lẹ́nu" kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí gan-an, níbo ló sì ti wá? Mo ti gé e sí wẹ́wẹ́: "dis", "com", "bobul", "ate". Mẹ́ta nínú wọn kò ṣàjèjì sí mi, mo ti rí wọn lára ọ̀rọ̀ mìíràn. "Bobul" yìí ni mi ò rí baba rẹ̀. Mo gbà pé bí mo bá rí gbòǹgbò rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ á yọjú fúnra rẹ̀. Lẹ́tà 42 péré ni wọ́n fún mi lórí ìlà kan, ìlà kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ, nítorí náà kò sí àyè àlàyé gígùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ìwé

Látìn ni, ó hàn lójú rẹ̀. "Dis" ni pé kí nǹkan ya kúrò lára nǹkan, "com" ni pé kí nǹkan wà pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ní orí Látìn àti ìrù Látìn, ikùn rẹ̀ náà á jẹ́ Látìn. Èrò tèmi ni pé "bobul" á jẹ mọ́ "bulla", ohun róbótó tó máa ń yọ lójú omi tó bá ń hó, bíi pé orí èèyàn ń hó ni.

Baba Atúmọ̀

Ọmọ Ìwé, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń tan èèyàn. Orí rẹ̀ Látìn ni lóòótọ́, ìrù rẹ̀ náà Látìn ni. Ikùn rẹ̀ kò sí nínú Látìn, kò sí nínú Gíríìkì, kò sì ní ìtumọ̀ kankan fúnra rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló hun ún láti fi dápàárá, ó sì kù díẹ̀ kó pé igba ọdún báyìí.

Ọdún 1834 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nínú ìwé. Nígbà yẹn kò tíì rí bó ṣe rí lónìí. "Discombobricate" wà, "discomboberate" náà wà. Oníkálukú ń kọ ọ́ bó ṣe dùn létí rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan tó ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ tó bá ní gbòǹgbò kì í sábà pààrọ̀ ikùn bí ẹni pààrọ̀ ẹ̀wù. Ohun tí àwọn olùṣe ìwé atúmọ̀ gbà ni pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mú "discompose", ìyẹn kí a da ìbàlẹ̀ ara èèyàn rú, tàbí "discomfort", kí wọ́n wá lọ́ ọ, kí wọ́n nà án, títí tó fi dún bí ọ̀rọ̀ tí ọ̀mọ̀wé máa ń sọ.

Irú eré bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà lásìkò náà. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ ojú pópó, wọ́n á fi aṣọ Látìn wọ̀ ọ́. "Absquatulate" ni kí èèyàn yọ́ lọ lójijì. "Squat" wà nínú rẹ̀, ìyẹn kí a lóṣòó: ó gbéra níbí, ó lọ lóṣòó síbòmíràn. "Confusticate" kò ju "confuse" tí wọ́n fi ìrù kún lọ. "Sockdolager" tún wà, ẹ̀ṣẹ́ tó parí ìjà nìyẹn, èyí sì ní ìtàn tó bani nínú jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1865, Ààrẹ Abraham Lincoln ń wo eré ní Ford's Theatre ní Washington. Òṣèré kan fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ lára "sockdolager" bú ẹnìkan, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn gan-an ni John Wilkes Booth yìnbọn fún Ààrẹ náà. Òṣèré lòun náà, ó mọ eré yẹn, ó sì mọ ibi tí ẹ̀rín á ti pọ̀ jù. Mo ti yà bàrá díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè rí ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí n má rántí alẹ́ yẹn.

Àtùpà, àbúrò mi, má wá "bobul" mọ́. Ìró lásán ni.

Àtùpà Òru

Baba, ẹ ṣé gan-an, ẹ kú làálàá. Wákàtí kan gbáko ni mo ti fi ń wá ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní gbòǹgbò, kí ni kí n dì mú?

Elétí Ọfẹ

Ìró yẹn náà ni kó o dì mú. Pè é sókè kó o gbọ́: dis-kọm-BỌB-yu-leet. Ègé márùn-ún ni, ẹ̀kẹta ló sì gba agbára ohùn jù. Ètè ń pàdé, ó ń là, ó tún ń pàdé, bí ẹni tó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn kan náà. Ẹni tó bá sọ ọ́ kíákíá, ẹnu rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ ta kókó. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ló ń ṣe síni lẹ́nu.

Àwa kọ́ ló yẹ kí irú èyí ṣòro fún. Rúdurùdu. Wúruwùru. Jágbajàgba. Játijàti. Ẹ gbọ́ ohùn wọn: òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín. Ohùn gun òkè, ó já wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Ta ló ń béèrè gbòǹgbò "wúruwùru"? Bí etí bá ti gbọ́ ọ, ojú ti rí irun tí wọn ò yà. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ní láti fi Látìn bò kó tó dún dáadáa, ó ti wà lẹ́nu wa láti kékeré, kò sì sí ẹni tó ń fi aṣọ ẹlòmíràn bò ó.

Nítorí náà, má ṣe túmọ̀ "dis" tàbí "com". Wá ọ̀rọ̀ tó ń kọsẹ̀ bí tirẹ̀.

Ìyá Ìkàwé

Elétí Ọfẹ, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ wọlé. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un nítorí ẹni tó máa ka ojú ewé yìí lẹ́yìn wa. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí gbogbo wa ń fi "ìdààmú ọkàn" túmọ̀ lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ àwòrán inú wọn kò dọ́gba rárá. Àwòrán yẹn ni mo máa ń wá kí n tó kọ ohunkóhun.

"Bewilder" jẹ́ ti ẹni tó ṣìnà. "Wilder" ni kí a mú èèyàn kúrò lójú ọ̀nà, ó sì bá "wilderness" tan. Nínú "wilderness" yẹn, bí o bá gbẹ́ ẹ jìnnà dé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹranko ìgbẹ́ lo máa bá níbẹ̀: ibi tí àwọn ẹranko nìkan ń gbé. Ẹni tó "bewildered" dúró láàárín igbó, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò rí ipa ẹsẹ̀ kankan. Nígbà tí mo bá rí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìtàn, mi ò kì í kọ "ìdààmú". Mo máa ń kọ "kò mọ ibi tí òun yóò gbà" tàbí "ọ̀nà pòórá mọ́ ọn lójú".

"Perplex" jẹ́ ti òwú. "Plectere" ni kí a dì tàbí kí a hun nǹkan, lédè Látìn. Òwú lọ́ mọ́ra, a ò rí ìdí rẹ̀ mú. Yorùbá ti ní ìyẹn láìwá ìrànlọ́wọ́: ọ̀rọ̀ náà ta kókó mọ́ mi lọ́wọ́.

"Confuse" jẹ́ ti omi. "Fundere" ni kí a da nǹkan olómi, "con" sì ni pọ̀. Omi méjì tí a dà pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè yà mọ́. Ìdí nìyí tó fi bá a mu nígbà tí èèyàn bá mú ohun méjì ní ọ̀kan, bí ẹni tó ń pe Táyé ní Kẹ́hìndé. Àwa náà fi omi ṣe àkàwé, ṣùgbọ́n omi tiwa yàtọ̀. Omi tòrò, ẹnìkan wọ inú rẹ̀, ẹrẹ̀ gbéra láti ìsàlẹ̀, omi rú. Ohun tí a ń sọ nìyẹn bí a bá ní "ó rú mi lójú", tí òdìkejì rẹ̀ sì jẹ́ "ọkàn mi tòrò". Mo fẹ́ràn èyí ju ti Látìn lọ nítorí pé ìrètí wà nínú rẹ̀. Omi tó rú lè padà tòrò bí a bá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Omi méjì tó ti dà pọ̀ kò lè pínyà mọ́.

"Astonish" jẹ́ ti àrá. "Tonare" ni kí àrá sán. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí dúró gbagidi bí ẹni tí àrá sán lé lórí.

Tí a bá wá padà sí "discombobulate", kò sí igbó níbẹ̀, kò sí òwú, kò sí omi, kò sí àrá. Ètò ara ẹni ló bàjẹ́ níbẹ̀. Gbogbo nǹkan tó yẹ kó wà láyè rẹ̀ ti kúrò láyè rẹ̀: ìwé, dígí, èrò, ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó sì máa ń jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó sọ pé òun "discombobulated" mọ̀ pé òun máa tó padà bọ̀ sípò.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ibi tí Ìyá Ìkàwé parí rẹ̀ sí, pé ó jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, torí iṣẹ́ tèmi gba kí a má ṣi ọ̀rọ̀ yìí lò. Ní ilé ìwòsàn, "confused" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan lásán. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn, a ń sọ pé kò mọ ibi tó wà, tàbí ọjọ́ tí a wà, tàbí ẹni tó dúró tì í. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, a kì í fi falẹ̀ rárá, torí ó lè jẹ́ àmì àkóràn, tàbí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí omi tó gbẹ lára, tàbí oògùn tí kò bá ara mu.

"Disoriented" wà nítòsí rẹ̀. Ìlà-oòrùn wà nínú ìyẹn: ẹni tí kò mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ mọ́.

Ẹ má fi "discombobulated" túmọ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má mú Yorùbá tó fúyẹ́ kọ ọ́ fún mọ̀lẹ́bí aláìsàn. Mo ti rí ìwé ìtọ́ni kan tí wọ́n túmọ̀ "sudden confusion" sí "bí nǹkan bá rú u lójú". Ẹni tó bá ka ìyẹn á rò pé kí wọ́n ṣàlàyé fún un dáadáa ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní tààràtà: "bí kò bá mọ ibi tó wà tàbí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lójijì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán."

Baba Atúmọ̀

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni "discombobulate", ẹ̀rín ni wọ́n fi bí i, ẹ̀rín sì ni kó máa bá lọ. Kò yẹ nínú lẹ́tà ilé ẹjọ́, kò yẹ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, "bewildered" tàbí "distraught" ni àwọn onígẹ̀ẹ́sì fúnra wọn máa ń wá. Ẹ sì kíyè sí i pé èyí tó parí sí "-ed" ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn: wọ́n sọ ipò tí èèyàn wà, wọn kì í sábà sọ ẹni tó fà á.

Ọmọ Ìwé

Mo ti gbọ́, Baba, mo sì dúpẹ́. Ìbéèrè kan wá ń jẹ mí lọ́kàn. Bí "dis" bá jẹ́ òdì, ṣé "combobulate" wà? Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni "combobulated"?

Ìyá Ìkàwé

Ìbéèrè tó dára ni, ọmọ mi. Kò sí "combobulate" nígbà tí wọ́n hun èkejì rẹ̀. "Dis" tó wà níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tí kò dá wà rí ni. Gẹ̀ẹ́sì ní irú rẹ̀ mìíràn. "Dishevelled" ti wá láti inú Faransé àtijọ́, "chevel" inú rẹ̀ sì ni irun: ẹni tí irun rẹ̀ kò létò. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òun "shevelled". "Disgruntled" tún yàtọ̀, torí "dis" inú rẹ̀ kì í ṣe òdì rárá. "Gruntle" àtijọ́ ni kí èèyàn máa kùn ṣáá. "Dis" wá fi agbára kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀la ọ̀rọ̀ yìí dùn. Ní pápákọ̀ òfuurufú Mitchell ní ìlú Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ gbé pátákó kan kọ́ ní ọdún 2008 sí ibi tí èrò máa ń jáde sí lẹ́yìn àyẹ̀wò: "Recombobulation Area". Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí níbẹ̀. Bàtà wà lọ́wọ́ kan, ìgbànú wà lọ́wọ́ kejì, kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ abíyá, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ sì ń tì ọ́. Wọ́n to àga síbẹ̀ kí èèyàn lè jókòó, kó wọ bàtà rẹ̀, kó kó ara rẹ̀ jọ. Ẹgbẹ́ American Dialect Society, àwọn tó ń ṣèwádìí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí ní Amẹ́ríkà, dìbò fún un pé òun ni ọ̀rọ̀ tó fi ọgbọ́n àtinúdá hàn jù ní ọdún 2008 náà. Ikùn tí kò nítumọ̀ ní 1834 ti wá ní ìtumọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè yọ orí rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi orí mìíràn sí i, tí arìnrìn-àjò yóò sì lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ lè di òtítọ́ nípa lílò.

Aṣọ́rọ̀lò

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí a tú ká láìsọ ti "nonplussed", torí òun ló ń ba iṣẹ́ àwọn atúmọ̀ jẹ́ jù nínú ìdílé yìí. "Non plus" lédè Látìn ni "kò sí mọ́". Láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni wọ́n ti ń lò ó fún ẹni tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, tí kò mọ ohun tó kàn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn púpọ̀ gbọ́ "non" yẹn, wọ́n kà á sí "kò", wọ́n wá ń lò ó fún ẹni tí nǹkan kò mì rárá, tí kò bìkítà. Ìtumọ̀ méjì tó kọjú ìjà síra wọn nínú ọ̀rọ̀ kan! Bí o bá rí i, wo ẹni tó kọ ọ́, wo ohun tí ẹni náà ṣe tẹ̀ lé e, kó o tó yan Yorùbá rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mo máa ń tètè túmọ̀, ṣùgbọ́n ní ti èyí, mi ò kánjú mọ́.

"Flummox" kò léwu. Ó wà nínú ìwé Charles Dickens ní 1837, ó sì jọ pé ẹnu àwọn ará ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. "Bamboozle" ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀: ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ da ọ́ lójú rú. Jonathan Swift kọ̀wé láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn Tatler ní 1710, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, kò kúrò ńlẹ̀.

Àtùpà Òru

Ẹ̀kọ́ tí mo rí gbà níbí lónìí pọ̀. Ẹ wá bá mi yan ọ̀kan báyìí. Àwọn tí mo ti kó jọ nìyí: "Orí mi ti di wúruwùru." "Gbogbo nǹkan di rúdurùdu fún mi." "Ọkàn mi pòrúùru." "Ṣìbáṣìbo bá mi."

Elétí Ọfẹ

Wúruwùru dùn létí, ṣùgbọ́n bí o bá fi "orí" ṣáájú rẹ̀, irun ni gbogbo ayé máa rò. Àti pé dígí wà lórí irun rẹ̀ nínú àwòrán! Wọ́n á ní irun rẹ̀ ló ń ráhùn lé lórí.

Baba Atúmọ̀

Rúdurùdu tóbi jù. Ìlú ló ń di rúdurùdu, ọjà, ìpàdé. Nǹkan tó wà níta ni. Obìnrin yìí ń sọ ti inú ara rẹ̀.

Pòrúùru ní tirẹ̀ wúwo. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ pòrúùru kò ní sùn lóru. Mi ò ní gbé e fún un.

Ìyá Ìkàwé

Ṣìbáṣìbo ni mo fara mọ́. Inú ara ni, kò wúwo jù, ó sì ní ìkọsẹ̀ tí Elétí Ọfẹ sọ. Ọ̀rọ̀ náà yí ohùn padà lójijì ní ìparí, "bá" di "bo", bí ẹni tó fẹ́ sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì tí ẹnu rẹ̀ yọ̀.

Aṣọ́rọ̀lò

Èmi náà fara mọ́ ọn, àfi pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í lò ó mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Fi gbólóhùn kúkúrú kan tì í lẹ́yìn tó máa là á yé wọn: "Mi ò mọ èwo ni mo ń ṣe." Ẹni tí kò bá mọ èkíní á lóye èkejì, ẹni tó mọ èkíní á gbádùn méjèèjì.

Ìmọ̀ràn kan tún kù. Ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà fún ọ. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ẹ tàbí ọ tó ní àmì ohùn lórí. Lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà àmì orí rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á di méjì. Ìlà tí ojú rẹ rí bí 40 lè di 45 lójú ẹ̀rọ. Má torí ìyẹn yọ àmì ohùn dànù o. Sọ fún àwọn tó gbé iṣẹ́ fún ọ pé ohun tí ojú ń rí ni kí wọ́n kà.

Àtùpà Òru

Òótọ́ ni, ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí, mi ò sì mọ ìdí. Màá kọ̀wé sí wọn lónìí.

Ìlà náà ti wọlé báyìí:

Ṣìbáṣìbo bá mi.
Mi ò mọ èwo ni mo ń ṣe.

Mo wò ó pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé Yorùbá ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà tó tẹ̀ lé e: ọ̀rẹ́ rẹ̀ fa àga, ó ní, "Sit. Recombobulate." Bí Ìyá Ìkàwé kò bá sọ ti pápákọ̀ òfuurufú yẹn ni, mi ò bá má mọ ibi tó ti wá.

Ìyá Ìkàwé

Èyí rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní láti dá ọ̀rọ̀ fún un lédè tiwọn. Tiwa ti wà tẹ́lẹ̀: "Jókòó ná, kí ara rẹ wálẹ̀."

Àtùpà Òru

Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀, Mà. Lẹ́tà rẹ̀ kò tó 30.